Òkú Igba Ọdún Ó Lé, Àìsàn Wo Ló Ṣe É?



Nígbà tí mo sọ fún ọ̀rẹ́ mi pé egungun ni mo fẹ́ kọ nípa rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní, "Ìwọ náà! Ṣé o fẹ́ tú àṣírí awo sára ògiri ilé ìwé ni?" Ẹ̀rín pa mí. Mo ní kì í ṣe egúngún o, egungun ni. Kì í ṣe èyí tó ń jó kiri ọjà, èyí tó wà lábẹ́ ẹran ara èmi àtìrẹ ni. Ẹni tó bá ń sọ pé àmì ohùn kò wúlò, kó wá gbọ́ o.

Láàbù ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo wa la mọ egungun oníke tó dúró ní igun láàbù, èyí tí àwọn ọmọ SS 3 sọ ní "Bọ̀dá Gbígbẹ". Lọ́jọ́ tí wọ́n mú àwọn JSS 3 wá wo ibẹ̀, ọmọ kan nínú wọn nawọ́ sókè, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ló pa á?" Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, ṣebí ike ni. Àmọ́ tíṣà wa kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ìbéèrè gidi ni ọmọ náà béèrè, pé tó bá jẹ́ egungun èèyàn gidi ni, àwọn kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ni láti wá ìdáhùn rẹ̀. Wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ lọ wádìí. Mo lọ wádìí, ohun tí mo sì rí kò jẹ́ kí n sùn dáadáa fún bí ọjọ́ méjì.

Ọ̀rọ̀ New York ló gbà mí lọ́kàn jù. Ní 1991, ìjọba Amẹ́ríkà fẹ́ kọ́ ilé ọ́fíìsì alájà mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n sí Broadway ní Manhattan. Òfin wọn ni pé kí àwọn awalẹ̀pìtàn kọ́kọ́ yẹ irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ wò ná. Máàpù àtijọ́ ti fi hàn pé ibi ìsìnkú àwọn adúláwọ̀ wà níbẹ̀ rí, ṣùgbọ́n èrò àwọn tó fẹ́ kọ́lé ni pé ìpìlẹ̀ àwọn ilé ńláńlá tí wọ́n ti kọ́ síbẹ̀ á ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ó lé ní ẹsẹ̀ bàtà 16 sílẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bá òkú, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, ọ̀pọ̀ nínú pósí onígi, orí wọn sí ìwọ̀-oòrùn.

Ta ni wọ́n? Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti Áfíríkà ni, àti àwọn ọmọ tí wọ́n bí sọ́hùn-ún. Ní 1697, ṣọ́ọ̀ṣì Trinity ṣòfin pé wọn kò gbọdọ̀ sin adúláwọ̀ sí ọgbà àwọn mọ́. Ìta ìlú ni àwọn èèyàn náà wá ń sin òkú wọn sí, títí di nǹkan bí 1794. Lẹ́yìn náà ìlú fẹ̀, wọ́n da yẹ̀pẹ̀ lé e, wọ́n kọ́lé lé e, wọ́n gbàgbé. Wọ́n fojú díwọ̀n pé nǹkan bí 15,000 èèyàn ló wà nínú ilẹ̀ náà. New York tí à ń wò nínú fíìmù yìí o! Wọ́n hú èèyàn 419 jáde kí ọ̀rọ̀ tó di ariwo. Màá padà sórí ariwo yẹn.

Ẹ rò ó wò ná. Fún èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn 419 yìí, kò sí ìwé tó sọ orúkọ wọn, kò sí dókítà tó kọ àìsàn wọn sílẹ̀. Egungun ló kù láti béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń wá ni bóyá ọkùnrin ni àbí obìnrin, àti ọjọ́ orí. Egungun ìbàdí ló ń sọ ti àkọ́kọ́, torí pé ti obìnrin fẹ̀ nítorí ọmọ bíbí. Ní ti ọjọ́ orí, egungun ọmọdé kì í ṣe odidi. Ègé ègé ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, wọ́n á wá máa so pọ̀ bí ọmọ ṣe ń dàgbà. Èyí tó máa ń so gbẹ̀yìn ni egungun tó wà nísàlẹ̀ ọrùn, tó so èjìká mọ́ àyà. Èèyàn lè ti lé ní ogún ọdún kó má tíì parí. Ẹ̀yin bọ̀dá SS 3 tí ẹ ń pe ara yín ní àgbà, egungun yín ò tíì gbà o.

Ṣùgbọ́n eyín ló yà mí lẹ́nu jù lọ. Egungun máa ń tún ara rẹ̀ ṣe. Tó bá kán, á so. Èyí tó ti gbó, ara á máa fi tuntun rọ́pò rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Eyín kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun funfun líle tó bo eyín lórí, ìpele ìpele ni ara fi ń mọ ọ́n nígbà tí eyín ṣì wà nínú èrìgì, bí ẹni ń mọ ògiri alámọ̀. Láti ṣóńṣó orí eyín ló ti ń mọ ọ́n bọ̀ wá sí ìdí. Tí ìyà ńlá bá wá jẹ ọmọ náà, bóyá ebi ni o, bóyá ibà líle ni, ara á pa iṣẹ́ eyín tì, torí ẹni tó ń du ẹ̀mí kì í ráyè mọlé. Tí ara bá yá, iṣẹ́ á tún bẹ̀rẹ̀, àmọ́ ibi tó ti dúró á di ìlà tó dábùú eyín. Ìlà yẹn kò ní kúrò níbẹ̀ títí eyín á fi jẹ tàbí tí á fi yọ. Ẹni tó mọ bí eyín ṣe ń dàgbà lè wọn bí ìlà náà ṣe jìnnà sí ìdí eyín tó, kó sì sọ pé: nígbà tí ẹni yìí wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́ta, nǹkan kan ṣe é.

Mo ka èyí tán, mo gbé dígí. Ẹ̀yin náà á ṣe bẹ́ẹ̀, mo mọ̀. Mo rí ìlà kan tẹ́ẹ́rẹ́ lára eyín mi tó rí ṣóńṣó, lápá òsì. Mo lọ fi han màámi. Wọ́n wò ó, wọ́n dákẹ́. Wọ́n ní ọdún tí mo pé mẹ́ta, kí wọ́n tó bí àbúrò mi, ibà dá mi dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àwọn àti bàámi gbé mi kiri ọsibítù, wọn ò rò pé màá yè é. Wọn ò sọ ọ́ fún mi rí. Èmi alára ò rántí nǹkan kan. Eyín mi ló rántí.

Ẹ ṣàkíyèsí o: eyín mọ ìgbà, kò mọ orúkọ àìsàn. Ká ní màámi ò sí níbẹ̀, ìlà lásán ni à bá rí. Irú ìlà bẹ́ẹ̀ pọ̀ lẹ́nu àwọn tí wọ́n hú ní New York, kò sì sí màmá ẹnikẹ́ni tó kù láti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Eyín tún ń sọ ibi tí wọ́n bí èèyàn sí. Omi tí a ń mu àti oúnjẹ tí a ń jẹ ní èròjà kan nínú tó ń jẹ́ strontium, láti inú àpáta àti ilẹ̀ ibi tí a ń gbé ló ti ń wá. Á wọ inú eyín ọmọ nígbà tí eyín ń dàgbà, á sì dúró síbẹ̀. Àpáta ibì kan kò bá ti ibòmíì dọ́gba, nítorí náà eyín dà bí ìwé ẹ̀rí ìbí. Ní New York, wọ́n rí àwọn kan tí wọ́n ti fi ohun mímú gbẹ́ eyín iwájú wọn, òmíràn rí ṣóńṣó. Oge ni, àṣà Áfíríkà ni, bí àwọn èèyàn tiwa ṣe fẹ́ràn èjí. Nígbà tí wọ́n yẹ strontium wò, ọ̀pọ̀ nínú àwọn eléyín gbígbẹ́ yìí jẹ́ ẹni tí wọ́n bí ní Áfíríkà lóòótọ́. Wọ́n tún wá òjé nínú eyín. Ti àwọn tí wọ́n bí sí New York pọ̀ ju ti àwọn tí wọ́n bí ní Áfíríkà lọ. Òjé, májèlé ni, àgàgà fún ọpọlọ ọmọdé, ó sì pọ̀ nínú ohun èlò àwọn òyìnbó nígbà náà, àwo àti ife wà lára rẹ̀. Bí ọmọ bá ti dé ayé nílùú yẹn, ló ti ń gbé májèlé mì.

Ọ̀kan wà nínú wọn tí mi ò lè gbàgbé. Nọ́ńbà 340 ni wọ́n pè é. Obìnrin ni, wọ́n gbẹ́ eyín rẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ tó lé ní ọgọ́rùn-ún àti owó ẹyọ sì wà ní ìbàdí rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọbìnrin, ẹ gbọ́, ìlẹ̀kẹ̀ ìdí! Wọ́n gba orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gba òmìnira rẹ̀, síbẹ̀ àwọn tó sin ín rí i dájú pé ó wọlẹ̀ pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí àìsàn. Tí ẹ̀jẹ̀ kò bá tó lára, mùdùnmúdùn inú egungun ló máa ń ṣe ẹ̀jẹ̀, nítorí náà á máa ṣiṣẹ́ àṣekúdórógbó. Á wú, á máa ti egungun orí láti inú, egungun á fẹ́lẹ́, á lu wínníwínní bí asẹ́. Ihò wínníwínní yẹn máa ń hàn lórí agbárí, ó tún máa ń hàn ní òkè ihò ojú láti inú. Ohun tó ń fa àìtó ẹ̀jẹ̀ pọ̀: àìjẹunre, aràn, ibà, àti sickle cell, àìsàn tí a ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde. Nínú ẹni tó jẹ́ SS, ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ títí dòní: ẹ̀jẹ̀ ń tètè bàjẹ́, mùdùnmúdùn ń sáré láti fi òmíràn dípò. Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ń fi ọmọ kíláàsì wa tó jẹ́ SS ṣe yẹ̀yẹ́ pé orí rẹ̀ tóbi, kó lọ jókòó. Egungun ẹni náà ń jà fún un ni. Wọ́n rí ihò wínníwínní yìí lára ọ̀pọ̀ àwọn ará New York yẹn, ọmọdé wà lára wọn.

Àwọn àìsàn míì náà ní àmì tiwọn. Ikọ́ ẹ̀gbẹ lè jẹ egungun ẹ̀yìn láti iwájú títí á fi tẹ̀ di iké. Ẹ̀tẹ̀ máa ń jẹ egungun imú àti ti ọmọ ìka. Làkúrègbé máa ń mú kí oríkèé hu ṣóńṣó bí ìlẹ̀kùn tí ìdè rẹ̀ ti dógùn-ún.

Iṣẹ́ náà ní àmì. Ibi tí iṣan ti di egungun mú máa ń ga sókè tí èèyàn bá ń fi iṣan yẹn ṣiṣẹ́ líle lójoojúmọ́. Lára àwọn 419 yìí, ibẹ̀ ga gan-an, lára ọkùnrin, lára obìnrin. Egungun ọrùn àti ti ẹ̀yìn wọn fi hàn pé ẹrù tó ju agbára wọn lọ ni wọ́n ń rù. Ọmọ tó tó nǹkan bí ọdún mẹ́fà péré wà lára àwọn tó ní àmì ẹrù wíwúwo. Gbogbo wa la ti ru omi rí, mi ò sọ pé ẹ má ru omi mọ́ o (àwọn tíṣà ń kà á!). Irú ẹrù tó ń yí egungun ọmọ ọdún mẹ́fà padà kì í ṣe garawa omi kan lọ́wọ́ àárọ̀.

Nínú gbogbo wọn, àwọn ọmọdé pọ̀ débi pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì. Ìyá kan wà tí wọ́n tẹ́ ọmọ tuntun sí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ nínú ilẹ̀. Ọmọbìnrin kan wà, nọ́ńbà 25, kò tíì ju ọdún mẹ́rìnlélógún lọ. Wọ́n bá ọta ìbọn nínú egungun àyà rẹ̀. Wọ́n ti lu ojú rẹ̀ fọ́, wọ́n sì ṣẹ́ apá rẹ̀. Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé kì í ṣe ọgbẹ́ àtijọ́? Egungun tó ṣẹ́ tí ẹni náà yè, etí rẹ̀ á kúnná, egungun tuntun á bò ó. Ti ọmọbìnrin yìí kò ráyè jinná.

Ibi tí mo ti ṣi ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ pátápátá nìyí o, ẹ fara balẹ̀. Èrò tèmi ni pé egungun tó dán, tí kò ní àmì kankan, egungun ẹni tí ara rẹ̀ le ni. Ìyẹn kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ àìsàn tó ń pa èèyàn kíákíá kì í dé egungun rárá. Ṣọ̀pọ̀ná, ibà pọ́njú, ìgbẹ́ gbuuru, kí egungun tó gbọ́, ẹni náà ti lọ. Kí àmì tó lè hàn lára egungun tàbí eyín, ẹni náà ní láti pẹ́ díẹ̀ láyé pẹ̀lú àìsàn ọ̀hún. Ìlà eyín mi yìí ńkọ́? Torí pé mo yè ni ìlà fi wà. Ká ní mo kú lọ́sẹ̀ yẹn, eyín mi ì bá dán gbinrin. Ní 1992, James Wood àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ yìí sínú ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀, ó sì da iṣẹ́ wọn rú, torí pé láti ìgbà náà kò sẹ́ni tó tún lè ka ihò àti ìlà lára egungun kó wá sọ pé, "Àwọn tó ní àmì jù ló ṣàìsàn jù." Nígbà míì, ẹni tó ní àmì ni akọni tó là á já. Ẹni tí egungun rẹ̀ mọ́ nínú pósí kékeré, òun ni kò lè dúró.

Ariwo tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan wá ńkọ́? Àwọn akọ́lé ń kánjú. Ní 1992, wọ́n tilẹ̀ da kọnkéré lé sàréè kan lórí, wọ́n ní àṣìṣe ni. Inú bí àwọn adúláwọ̀ New York, wọ́n tú síta, wọ́n ń gbàdúrà níbẹ̀, wọ́n ń kọ̀wé. Olórí ìlú náà, David Dinkins, adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó dé ipò yẹn ní New York, dá sí i. Àwọn aṣòfin dá sí i. Híhú dúró. Wọ́n kọ́ ilé gíga náà, ṣùgbọ́n wọ́n fi apá kan ilẹ̀ sílẹ̀ láìkọ́lé sí i. Wọ́n kó egungun lọ sí Yunifásítì Howard ní Washington, tó jẹ́ yunifásítì àwọn adúláwọ̀, sọ́wọ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Michael Blakey. Ohun tí Blakey ṣe ló wù mí. Kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó pe àwọn ọmọ ọmọ irú àwọn èèyàn wọ̀nyí, ó bi wọ́n pé, kí ni ẹ̀yin fẹ́ mọ̀? Wọ́n fẹ́ mọ ibi tí wọ́n ti wá, bí ìgbé ayé ṣe rí lára wọn, bí wọ́n ṣe di ẹlòmíì nílẹ̀ àjèjì, àti bí wọ́n ṣe jà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi yẹ eyín àti egungun wò fún ọdún mélòó kan.

Mo ka gbogbo èyí fún Ìyá Àgbà nílé. Wọn ò fara mọ́ ọn. Wọ́n ní òkú tó ti sùn, kí lẹ tún ń jí i fún? Mo ní ká ní wọn ò yẹ ẹ́ wò, ta ni ì bá mọ̀ pé ọmọ ọdún mẹ́fà ru irú ẹrù bẹ́ẹ̀? Mo ní nílẹ̀ wa níbí náà, ní 1965, Thurstan Shaw hú egungun èèyàn kan jáde ní Ihò Eléérú lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìsàrún, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó báyìí, ó sì ti lé ní 10,000 ọdún tí ẹni náà ti kú. (Àwọn òyìnbó kọ ọ́ ní "Iwo Eleru". Ẹ ò rí i, ọ̀rọ̀ àkọtọ́ tún dé.) Ìyá Àgbà ní ti pé ó pẹ́ kò sọ pé kì í ṣe ọmọ ẹnìkan. Mi ò lè jiyàn ìyẹn. Èrò tèmi ni pé kéèyàn bi ará ilé òkú kó tó fọwọ́ kàn án, kó sì dá a padà tó bá ṣe tán. Àwọn Ìyá Àgbà ní kí n sọ bí wọ́n ṣe dá a padà fún àwọn.

Mo sọ ọ́. Ní oṣù October 2003, wọ́n gbé àwọn 419 náà kúrò ní Washington, wọ́n ń dúró ní ìlú kan sí òmíràn lọ́nà, wọ́n ń ṣẹ̀yẹ fún wọn títí wọ́n fi dé New York. Pósí onígi ni, Ghana ni wọ́n ti fi ọwọ́ gbẹ́ gbogbo rẹ̀ wá. Wọ́n kó wọn padà sínú ilẹ̀ ibi tí wọ́n ti hú wọn, nínú sàréè ńlá méje, ibẹ̀ sì ti di ibi ìrántí tí ìjọba ń tọ́jú láti 2006.

Ìyá Àgbà gbọ́ ọ tán, wọ́n ronú díẹ̀. Wọ́n ní, "Obìnrin tó ní ìlẹ̀kẹ̀ yẹn, ṣé wọ́n dá ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ padà fún un?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni mà, ohun tí wọ́n bá lára olúkúlùkù bá a padà sínú ilẹ̀.

Wọ́n ní, "Ẹn-ẹ́n," wọ́n sì ní kí n lọ gbé oúnjẹ àwọn wá.